Aago Tí Mìsìtúrà Mú

Eruku pupa ọ̀nà Kambolé ṣì wà lára bàtà eré Mìsìtúrà nígbà tó wọ bùtíkì tí Rìdwánù ti ń ta aago ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò. Rìdwánù ń nu gíláàsì àtẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí omidan gíga kan tó fi ìborùn funfun borí, ó sì gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ọjà. Èwo ló yẹ kí n rà, ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ni, àbí aago eléré tó ní GPS tó ń tọpa ọ̀nà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Níbo lẹ ti ń sáré?"

"Kambolé sọ́nà Goubi, inú igbó. N kì í gbé fóònù dání."

Ẹ̀gbà ló kún orí àtẹ Rìdwánù, síbẹ̀ òótọ́ ló sọ. "Ẹ̀gbà fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, ó sì mọ bí ọkàn yín ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ọ̀nà, ojú fóònù ló ń yá. Aago yìí, ojú ara rẹ̀ ló fi ń ríran."

"Ẹ fún mi ní aago."

"Ọkàn tèmi tó wá ń lù kìkì báyìí ńkọ́?"

"Ẹ mú ẹ̀gbà kan fún ara yín," ni Mìsìtúrà dáhùn, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Rìdwánù fi ń gun alùpùpù wá sí Kambolé láti bá a sáré. Wọn kì í tíì jìnnà tí Rìdwánù yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò sì jókòó sílẹ̀. Mìsìtúrà á sì padà wá bá a.

"Ọlọ́jà mi, dìde."

"Máa lọ, olólùfẹ́. Ẹ̀yìn rẹ náà dùn ún wò."

Ọkùnrin tí kì í bínú pé obìnrin ṣíwájú òun! Ìyẹn ló wọ Mìsìtúrà lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n Àlàsàn, bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, ti ní Àzízì lọ́kàn fún un, ọkùnrin kan tó ń ta àgbàdo ní Tchamba. Àzízì sì ti sọ ọ́ gbangba pé lọ́jọ́ tí Mìsìtúrà bá wọlé òun, eré sísá parí.

Mìsìtúrà kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹni tí kò fẹ́ kí n sáré, kò fẹ́ mi. Rìdwánù ni mo fẹ́."

"Ọmọ tí àwọn òbí ẹ̀ ti Nàìjíríà wá ṣòwò! A ò mọ ilé wọn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, Bàbá. Ẹ ó mọ̀ wọ́n."

Wọ́n wá lóòótọ́, Rìdwánù àti ìyá rẹ̀. Rìdwánù dọ̀bálẹ̀. Àlàsàn wò ó títí.

"Tó bá bímọ tán, tó ṣì ní òun fẹ́ sáré ńkọ́?"

"Èmi ni n ó máa gbé ọmọ, Bàbá. Ibi tí agbára mi mọ nínú eré náà nìyẹn."

Ìyá Mìsìtúrà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àlàsàn gbìyànjú kó rojú, kò ṣeé ṣe. Ó ní kí wọ́n lọ pe àlùfáà wá, kí wọ́n dá ọjọ́ yìgì.

Mìsìtúrà jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ kí ìyá Rìdwánù. Ìyá náà fà á dìde, ó gbá a mọ́ra, kò sì dúró de àlùfáà rárá kó tó máa pè é ní ìyàwó mi.