Kámẹ́rà Tí Amihan Rà Nítorí Temyong

Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí àti imú Ponso nígbà tá a fà á wọnú ọkọ̀. Ọmọ ọmọ mi ni. Ìdákọ̀ró mi ló há mọ́ òkúta, ó wọmi lọ tú u, ni Temyong bá ju ìgò bọ́ǹbù sómi nítòsí. Ẹ̀yin ọmọ, bọ́ǹbù inú omi ò dà bíi ti orí ilẹ̀ o. Omi ló ń gbé e wọnú ara èèyàn. Gbogbo inú Ponso ló bẹ́. Ká tó dé etíkun, ó ti kú.

Ta ni ò mọ̀ pé Temyong ni? Bó ṣe ń pẹja nìyẹn: á ju ìgò, ẹja á kú, á ki rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wá látinú ọkọ̀ bọ ẹnu, á lọ ṣà wọ́n nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ní, "Bàbá, ẹnu lásán ò lè ti èèyàn mọ́lé. Ẹ mú fọ́tò ibi tó ti ń ṣà á wá, kójú ẹ̀ hàn."

Amihan, àbúrò Ponso, gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó mọ omi bí ẹja. Gbogbo Sátidé ló ń gbé ìgò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi sẹ́yìn, tẹ̀lé àwọn àlejò tó wá wo ìsàlẹ̀ òkun. A ta ẹlẹ́dẹ̀ wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án pésò kó lè ra kámẹ́rà tó ń yàwòrán lábẹ́ omi.

Ó bi mí pé, "Lólò," bó ṣe ń pe èmi bàbá àgbà ẹ̀ nìyẹn, "ibi tí Temyong ti ń ṣà á, báwo ló ṣe jìn tó?"

"Dípà mẹ́tàlá." Kéèyàn na apá méjèèjì láti ìka dé ìka, dípà kan nìyẹn. Okùn ni mo jù sísàlẹ̀, mo wá fi apá mi wọn okùn náà.

A lọ sí ìsọ̀ Aling Sela, ìyá kan tó ń ta kámẹ́rà nílùú Batangas. Amihan mú Marikit ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé ìwé dání, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní ilé àlejò. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Iye kan náà ni kámẹ́rà méjì tí Aling Sela gbé kalẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó ń dán gbinrin, ó rí pẹlẹbẹ, wọ́n kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lára, ìyẹn bó ṣe lè wọmi jìn tó. Èkejì, àlòkù, ó rí bí eérú, inú ike nínípọn kan ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n kọ ogójì sórí ike náà.

Marikit bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Amihan, ṣé wàá gbé abọ́ oúnjẹ yìí kọ́rùn? Àwọn àlejò á ní kó o bu ìrẹsì fáwọn!"

Aling Sela ò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ibi tó o ń gbé e lọ, báwo ló ṣe jìn tó?"

"Mẹ́tàlá."

"Mẹ́tàlá mítà?"

Amihan wo Marikit. Ó wo èmi náà, èmi àti sálúbàtà mi tó ti já. Ojú tì í láti sọ pé apá bàbá arúgbó la fi wọ̀n ọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gbọ́. Mo rò pé mítà àti dípà, ọ̀kan náà ni. Ó gbé pupa.

Lọ́jọ́ kẹta, a fara pa mọ́ sẹ́yìn àpáta. Bọ́ǹbù dún, omi fò sókè, Temyong wọmi, Amihan náà wọmi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú Temyong wà níwájú òun gan-an. Bó ṣe fẹ́ tẹ kámẹ́rà báyìí, ó gbọ́ pà! Omi ti wọ inú ẹ̀, ó ṣókùnkùn.

Temyong ló kọ́kọ́ jáde. Ó rí ọkọ̀ mi, ó fi tiẹ̀ kọ lù ú, ó fò wọlé tòun tàdá.

"Arúgbó aṣòfófó! Kí lo wá wò níbí?"

"Ẹja ni mò ń pa."

"Àwọ̀n ẹ dà?"

Mo gbọ́wọ́ sókè. Àdá balẹ̀. Ìka mi méjì já sínú ọkọ̀, wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí edé. Bí Amihan ṣe yọrí, Temyong gbá a nírun mú, ó já kámẹ́rà gbà, ó dojú ẹ̀ dé, omi dà jáde. Ẹ̀rín pa á. "Fọ́tò omi lo yà!" Ó fi ẹ̀yìn àdá gbá a lẹ́nu, eyín kan fò. "Lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn ni o."

Nílé, Amihan ò lè jẹun. "Lólò, èmi ni mo gé ìka yín. Obìnrin yẹn bi mí, mo parọ́."

Ó padà lọ bá Aling Sela tòun tẹnu wíwú. Ó sọ gbogbo ẹ̀, títí kan okùn mi. Aling Sela mú ọ̀pá ìwọ̀n, ó ṣírò, ó káwọ́ lérí. "Dípà mẹ́tàlá ju ogún mítà lọ! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni agbára pupa yẹn mọ. Ká ní o sọ fún mi!" Amihan gbé gìtá tí Ponso fi sílẹ̀ kalẹ̀, ó fi pààrọ̀ kámẹ́rà eléérú. Aling Sela kọ́ ọ pé kó yẹ òrùka rọ́bà etí ike náà wò dáadáa kó tó tì í, torí irun kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ ti tó kí òkun wọlé.

A padà lọ sẹ́yìn àpáta náà. Bí Temyong ṣe wọmi, Amihan tẹ̀ lé e, ó ya fọ́tò mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà ló tú u fó. Temyong já gíláàsì ojú Amihan, ó fi ìkọ́ irin gún un léjìká. Amihan ò ríran mọ́, àmọ́ ó ta á nípàá, rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà. Níbi tí Temyong ti ń wá rọ́bà náà kiri, ọmọ mi jáde. Mo fi ìka tó kù fà á wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Inú ike náà gbẹ táútáú.

Ojú Temyong hàn kedere, tòun tàpò ẹja. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn làwọn ẹ̀ṣọ́ ká a mọ́lé. Ó yọ àdá sí wọn, wọ́n fi àjẹ̀ dá a lápá kí wọ́n tó rí i dè. Ẹ̀wọ̀n ló wà di òní.

Àmọ́ Ponso ò jí, ìka mi ò sì hù. Ká ní ọmọ yẹn gbà kí ojú ti òun díẹ̀ nínú ìsọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ìka mi àti ti eyín ẹ̀ ì bá má ṣàn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ilé yín pa mọ́ torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́. Èmi náà jẹ̀bi, mi ò mọ̀, mi ò sì bèèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó parọ́ ibi tó ń lọ, ta ló fẹ́ júwe ọ̀nà fún un?