Mo Lè Dá A Ṣe

"Tí a bá fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nídìí iṣẹ́, ṣé wàá lè ṣe é?"

Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Oregun, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ìwé tó ń kọ. Fàúsát jókòó sétí àga, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí orúnkún. Níta, àwọn tó ń wáṣẹ́ tò láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, àwọn tó tó bàbá rẹ̀ sì pọ̀ láàárín wọn.

Ọdún kẹta tí SAP, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, wọ̀lú nìyẹn. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá Fàúsát ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ti kógbá wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń dáná lóòjọ́ nílé wọn ní Agége. Alájọgbélé wọn, Bàbá Dàwódù, tó jẹ́ fọ́mánù nílé iṣẹ́ ọṣẹ yìí, ló bá a bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. "Ọmọ gidi ni. Mo dúró fún un," ni bàbá náà wí fún ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n Lọ́lá, ọ̀rẹ́ Fàúsát, ti gbà á nímọ̀ràn tirẹ̀. "Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o lè dá ṣiṣẹ́, má ṣojo o. Sọ pé o ti ṣe é rí. Ẹni tó bá ní òun máa béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilé ni wọ́n máa ní kó máa lọ."

Fàúsát tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà níwájú ọ̀gá. "Mo lè dá a ṣe, sà. Mo lo ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi nìkan ni mò ń wọn sóódà."

"Láìsí ẹni tó dúró tì ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀, ọṣẹ tó ti gbẹ ló sì ń fi bébà wé.

"Ó dáa," ni Ọ̀gbẹ́ni Johnson wí. "Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń kọ́ wọn. Ìwọ ò nílò ìyẹn. Wá lọ́jọ́ Ajé."

Fàúsát fẹ́ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò tó ṣófo nílé wá sọ́kàn rẹ̀, ó sì dúpẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Fàúsát kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Tẹniọlá, òṣìṣẹ́ kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, ló ń wọn sóódà tó ń mú ọṣẹ le, Fàúsát kàn ń bá a gbé e lọ sídìí ìkòkò ńlá ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ara Tẹniọlá kò yá, kò wá síbi iṣẹ́.

"Ìwọ náà ṣá mọ̀ ọ́n," ni Bàbá Dàwódù wí. "Ogójì kílò, kó má dín, kó má lé."

Fàúsát dúró níwájú òṣùwọ̀n. Òǹkà méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Ọ̀kan ni kílò, èkejì jẹ́ ti ìwọ̀n àtijọ́ tí kò tó ìdajì kílò, kò sì mọ èwo ni èwo. Bàbá Dàwódù ń kọjá lọ, ó yà sí i.

"Fàúsát, ṣé kò sí ìṣòro?"

Ìbéèrè náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Tó bá béèrè, bàbá á mọ̀ pé irọ́ ló fi wọlé. "Kò sí o, Bàbá," ló dáhùn. Ó wá tẹ̀ lé òǹkà pupa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọṣẹ tó yẹ kó ti le nínú férémù rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ti ìwọ̀n àtijọ́ ni òǹkà pupa yẹn, sóódà rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Gbogbo òróró ọjọ́ náà ti bàjẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Johnson pe Fàúsát àti Bàbá Dàwódù. Fàúsát kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún. Ọ̀gá náà kò pariwo. Ó ní kó máa lọ sílé, ó wá yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ dúró fún un. Wọ́n sì ti ń yọ mí lẹ́nu láti òkè pé kí n dín èèyàn kù. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ."

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Dàwódù ti lò níbẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí lápò, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Wọ́n rìn láti Oregun títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkẹjà. Fàúsát bá kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà.

"Dìde," ni bàbá wí. "Fàúsát, ṣebí mo dúró tì ọ́. Mo bi ọ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá."

"Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mò ń béèrè. Ẹni tó lè dá ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí kì í béèrè. Ẹni tó mọ ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ parí sí ni."

Nígbà tí oṣù parí, tí owó ilé ò sí mọ́, Bàbá Dàwódù àti ìyàwó rẹ̀, Àbíkẹ́, kó ẹrù wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Fàúsát fẹ́ bá wọn gbé ẹní. Àbíkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ilé ìwé ni Fàúsát ti ń gbọ́ ọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ẹni tó kọ̀ láti béèrè kì í dá ṣìnà. Ó máa ń fa ẹlòmíràn dání.