Ilé Tí Ó Kọrí sí Elvedal

Sunniva Haugland ń fi àáké fọ́ yìnyín ojú odò kí ó lè pọn omi, nígbà tí ó gbójú sókè tí ó sì rí ilé kan tí ó ń rìn bọ̀. Ìtì igi ni wọ́n gbé e lé, ọ̀wọ́ ẹṣin sì ń wọ́ ọ. Èéfín ń rú lórí rẹ̀, nítorí ìyálé ilé náà kò dá oúnjẹ sísè dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ń rìn níwájú, ó ń fi ọ̀pá gún yìnyín wò bóyá ó lè gbà wọ́n.

"Kúrò lọ́nà, arẹwà," ni ó wí. "Ilé kì í yà fún èèyàn."

"Ìwọ tó ń da ilé bí ẹní da màlúù, ṣé o ò ní tìẹ ni?"

"Mo ní. Yàrá kan péré. Ẹni tó máa bá mi jà nínú ẹ̀ ni ò tíì sí."

Sunniva rẹ́rìn-ín títí ihò omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì padà.

Àwọn ará Norway ni ó tẹ Elvedal dó sí etí odò náà, ní pápá Mìnẹsótà, ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ojú irin gba ìhà gúúsù kọjá, ìlú tuntun Kilby sì hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í jìnnà sí ohun tí ó ń gbé àlìkámà rẹ̀ lọ sí ọjà. Nígbà òtútù yẹn, tí odò dì gbagidi, ilé ń tẹ̀lé ilé lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga yẹn, Lorenz Pieper, ọmọ Jámánì, ni ó ń kó wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan tí ó kó ń sọ Elvedal di ahoro. Ilé kọ̀ọ̀kan náà ni ó sì ń mú un padà wá rí Sunniva.

Nígbà tí Lorenz tọ Aslak, bàbá Sunniva, lọ, ó ní: "Bàbá, Sunniva ni mo wá tọrọ. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Màá wọ́ ilé yín, àwo kan ò ní fọ́."

"Àwo? Ìyá ẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ṣé ẹṣin rẹ máa wọ́ àwọn náà?"

Lorenz yíjú, ó sì jáde.

Sunniva sìn ín dé etí odò. "Mi ò lè fi Bàbá sílẹ̀ láàárín ahoro, olólùfẹ́ mi. Má dúró dè mí."

"Yìnyín máa tó yọ́, Sunniva. Tó bá yọ́, ilé kankan ò lè kọjá mọ́."

"Mo mọ̀."

Lorenz lọ, kò wẹ̀yìn.

Ìgbà tí omi ti ń sun lójú yìnyín ni Aslak ké láti ojú fèrèsé: "Òmùgọ̀ wo nìyí? Ilé ń bọ̀ láti Kilby!"

Ilé oníyàrá kan péré ni, Lorenz sì ń rìn níwájú rẹ̀. Àwọn ará Kilby dúró sí etí odò lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Lorenz, o ti ṣìnà o! Ibí ni wọ́n ń kó bọ̀!"

"Mo mọ ibi tí mò ń lọ!"

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí odò, ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin yọ̀. Ilé náà fà sẹ́yìn. Yìnyín abẹ́ rẹ̀ sán. Sunniva kígbe. Aslak sáré kúrò lójú fèrèsé. Ó já ẹ̀wọ̀n kan lára ògiri, ó fa ẹṣin tirẹ̀ méjèèjì jáde, ó sì fi ẹ̀wọ̀n náà so wọ́n mọ́ iwájú ti Lorenz.

Nígbà tí ilé gòkè tán, ó nu òógùn ojú rẹ̀ nù.

"Ibo lo fẹ́ gbé e sí?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá ní kí n gbé e sí, Bàbá."

"Ẹ̀gbẹ́ tèmi. Má kọ ilẹ̀kùn ẹ̀ sí àríwá, atẹ́gùn ibẹ̀ burú." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, kí lò ń wò? Lọ dáná sílé ọkọ rẹ."