Ìdérí Agbada Lórí Báńgà

"Ẹ má wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri, èmi nìyí!" Bí Ìyá Àgbà Lianxiu ṣe ké nìyẹn nígbà tí aládùúgbò rẹ̀, Tan Shuyi, wọlé wá kí wọn. "Èmi arúgbó onídìí ńlá yìí ni mo sá báńgà tó rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú, àfi bí ẹni ń yan ẹja!"

Báńgà tó ṣẹ́ kù nínú ti ọdún tuntun ni, òjò Liuyang, ìlú wọn, ló rọ̀ sí i. Àwọn òbí Yaqi, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti padà síbi iṣẹ́ ní Shenzhen. Ọwọ́ ìyá àgbà ni wọ́n fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà sí. Yaqi ti kìlọ̀ fún un pé báńgà náà lè gbiná. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Ogójì ọdún ni mo fi ká bébà báńgà! Ìwọ tí mo nùdí fún lánàá ló fẹ́ kọ́ mi?"

Nígbà tí ọ̀kan gbiná, Ìyá Àgbà fi ìdérí agbada dé e. Gbàù! Ìdérí fò, ó la Yaqi níwájú orí. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n fi rán an nílé ìwòsàn.

Ìyá Àgbà kò lè wo báńdéèjì tó wà níwájú orí Yaqi. "Shuyi, ìwọ lò ń po ẹ̀tù níléeṣẹ́ báńgà. Bí epo bá gbiná tí mo dé e, ṣebí ó ń kú. Kí ló dé tí èyí ò kú?"

"Màmá, afẹ́fẹ́ ìta ni iná epo ń mí. Ẹ dé e, èémí rẹ̀ pin. Èédú àti imí ọjọ́ ló ń jó nínú ẹ̀tù, àmọ́ a po iyọ̀ kan mọ́ ọn tó gbé èémí tirẹ̀ dání. Bó bá jó, á di èéfín gbígbóná tó ń wá ọ̀nà jáde. Bébà tí ẹ ká le ló há a mọ́, ìyẹn ló fi ń bú gbàù. Ẹ wá tún gbé irin lé e!"

"Àwọ̀ aró tí àwọn báńgà tó ń fò lọ sókè máa ń tàn lójú ọ̀run ńkọ́?" Yaqi bèèrè.

"Bàbà ló ń fún iná láwọ̀ yẹn. Irin tí a lọ̀ ló ń ta bíi wúrà."

Shuyi wá yíjú sí àwọn méjèèjì. "Báńgà tó bá rin, ẹ má sá a. Ẹ rì í sínú garawa omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó dà á nù. Èyí tó kọ̀ tí kò dún, ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti gbiná, ẹ má bò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ sá! Ọmọdé ò sì gbọdọ̀ dá ṣáná sí i."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Yaqi fà mọ́ ọn. "Màmá Àgbà, màámi máa pè láti Shenzhen nírọ̀lẹ́. Ṣé kí n sọ pé mo ṣubú ni?"