Ọ̀wẹ̀ Tí Akíntọ́lá Dá Ṣe

Ṣọ́ọ̀kì ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ tí Akíntọ́lá kọ́kọ́ rí i, lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìṣẹ́, níbi tí ṣéènì ọ̀kadà tó gbé e ti yọ. Akin ń bọ̀ láti oko kòkó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá ọlọ́kadà fi ṣéènì padà, àmọ́ ojú ẹ̀, kò sí lórí irin rárá.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni ṣéènì wà ni?"

Háà! Ara Akin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọmọ́tóyọ̀sí lorúkọ ọmọ náà, tíṣà sáyẹ́ǹsì n'Ìkẹ́rẹ́, ọmọ Bàbá Ògúndélé tó ń gbin uṣu.

Ìfẹ́ wọlé. Bàbá ní kí Akin wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ á kó ẹgbẹ́ ẹ̀ wá kọ ebè fún bàbá ìyàwó. Àmọ́ Akin ní òun nìkan lòun máa kọ ọ́, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe fẹ́ràn ọmọ wọn tó. Ó kọ ebè títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kán. Oko ò dé ìdajì.

"Ìwọ nìkan?" Bàbá bi í. "Ọkùnrin tí ò léèyàn, ta ló máa gbé ọmọ mi dìde bó bá ṣubú? N ò fún ẹ."

Tóyọ̀sí bá Akin lábẹ́ igi kòkó, níbi tó káwọ́ lérí sí.

"Tíṣà mi, agbára mi ti tán. Ẹ̀rù ń bà mí kí ìfẹ́ náà má lọ tán bẹ́ẹ̀."

"Kò lè tán, olólùfẹ́. Gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké wà nínú ọpọlọ wa tó ń ránṣẹ́ síra wọn. Oje kan, tó ń mú ara ẹni gbọ̀n bí ìfẹ́ bá dé, ni wọ́n fi ń jíṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń se oje náà nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù là ń pè wọ́n. Bí ìpè bá dé pé kí wọ́n sè é sí i, àwọn tó wà nílẹ̀ á kọ́kọ́ yára sí i."

"Lọ́jọ́ ṣéènì ńkọ́, tí mò ń gbọ̀n?"

"Wọ́n ń sè é nìyẹn! Àmọ́ tí ìpè ò bá dáwọ́ dúró, sẹ́ẹ̀lì ò ní fi iṣẹ́ pa àwọn díẹ̀ yẹn o. Á ṣe òṣìṣẹ́ tuntun kún wọn."

Akin bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti yára tó. Kí n wá òṣìṣẹ́ kún ara mi ló kù!"

Ní Sátidé, òun àti Solomon ọ̀rẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ oko Bàbá, ọkọ́ léjìká, orin lẹ́nu. Kí oòrùn tó mú, ebè ti tò lọ rẹrẹẹrẹ.

"Ṣé gbogbo yín lẹ fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni?" Bàbá pariwo.

"Rárá o, Bàbá," Solomon dáhùn. "Akin ni ọkọ. Iyán làwa bá wá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fi ọwọ́ Tóyọ̀sí lé ọwọ́ Akin. "Ulé mi ti di ulé rẹ."

Tóyọ̀sí wo ọkọ ẹ̀, erùpẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ọwọ́ ń gbọ̀n.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá, Tíṣà mi. Wọ́n ṣì ń sè é."