Bọ́tìnnì Ọrùn Sherifdeen

Gbólóhùn kan ni Sherifdeen fi mú Ameenat lọ́jọ́ tó wá ra áńkárá fún ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin náà lọ́jà Aswani. Ìborùn yẹ̀, àpá tó wú bí èkùrọ́ létí Ameenat yọ síta. Ó yára fà á bò ó.

"Sìsí, kí lẹ wá ń bò ó fún? Ẹwà yín ò kúkú sá lọ."

Láti ìgbà tí wọ́n ti lu etí yẹn lẹ́ẹ̀kejì, tí ojú egbò kọ̀ tí kò yé wú, kò sẹ́ni tó bá a sọ irú ẹ̀ rí. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára.

Ọjọ́ tó lọ kí ìyá Sherifdeen ní Ṣógúnlé ni nǹkan dà rú. Ìyá tajú kán rí etí náà.

"Àbùkù ìdílé rèé! Kò ní kó o ran àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kó lọ fi iná lésà jó o dànù kó tó wọlé mi."

Sherifdeen fọwọ́ kan bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èyí tí kì í ṣí nínú gbogbo ooru Èkó.

Ameenat bá gba ilé ìwòsàn awọ ara kan lọ n'Ísọlọ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé lésà ń mú àpá bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó ń mú un walẹ̀, ṣùgbọ́n á gba abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó sì tún lè padà wú. Ameenat bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Lésà náà ń ta á létí bíi rọ́bà tí wọ́n fà tí wọ́n jù sílẹ̀. Nítorí ìfẹ́, ó fara dà á.

Lọ́jọ́ kan, ó ń dúró lẹ́yìn kọ́tìnì kó kàn án, ló gbọ́ ohùn tó mọ̀ lódìkejì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ má gbọ́ pé mò ń wá síbí o. Màámi ló ní n ò gbọ́dọ̀ sọ."

Ameenat fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sherifdeen ló nà gbalaja, awò dúdú tí wọ́n fi ń dènà iná lésà lójú, àpá wíwú gbòòrò láyà rẹ̀, ó ju ti etí Ameenat lọ fíìfíì.

"Sherif!"

"Ha! Ameenat mi..."

"Má pè mí ní tìẹ! Tèmi ni àbùkù, tìẹ ńkọ́? Ọ̀ṣọ́? Dìde. À ń lọ bá ìyá ẹ."

Ní pálọ̀ ìyá, Sherifdeen ṣí bọ́tìnnì rẹ̀. "Màámi, èmi náà ní in. Ẹ má pe Ameenat lálábùkù mọ́."

Ẹnu ò ya ìyá. Òun ló ti ń fi òrí pa á fún un láti kékeré.

"Bo àyà ẹ, Sherifdeen! Ṣé kí àwọn ará ilé wá wò ọ́ ni?"

Sherifdeen ti ń de bọ́tìnnì rẹ̀ padà, ọwọ́ rẹ̀ ti dé èkejì kó tó rántí ara rẹ̀. Ameenat sì ti rí i.

Tìbínú-tìbínú ló fi kúnlẹ̀. "Màámi, ó dàbọ̀ o."

Sherifdeen sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. "Olólùfẹ́ mi, dúró, dákun. N óò bá wọn sọ ọ́."

"O ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní kó o bò ó, o sì bò ó." Ameenat fa ìborùn kúrò létí, ó gbé e kọ́ èjìká. "Ìwọ lo kọ́ mi pé kí n má bò ó."

Ó gba títì lọ, etí rẹ̀ ní gbangba, omijé lójú. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú jù.