Ewé Tí Kò Tíì Pọ́n ní Harlow Gap

Ewé ló mú Corinne Batchelder àti Stan Kowalik mọ ara wọn, lórí fóònù, láìrí ojú ara wọn.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ohùn ọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Toledo ni mo ti ń pè, ní Ohio. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń wo ewé fún Harlow Gap. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti pọ́n?"

Corinne ń dín páńkéèkì fún àwọn àlejò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó na ọrùn lójú fèrèsé, ó wo òkè.

"Kò tíì pọ́n. Ó kàn ń pupa díẹ̀díẹ̀ létí létí ni, ojú ṣì ń tì í. Ẹ tún pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ojú ń ti ewé?" Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mà, àwọn àgbàlagbà ni mo ń fi bọ́ọ̀sì kó wá wò ó. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ojú ń ti ewé?"

"Ẹ sọ fún wọn. Ó máa yé wọn."

Ní Vermont níhìn-ín, iṣẹ́ ńlá ni wíwo ewé. Òtútù ló máa ń mú ewé pupa kó tó wọ́; bí ìgbà ìwọ́wé bá ti ń bọ̀, àwọn ará ìlú ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè rí òkè tó pupa, tó pọ́n, tó ń tàn. Ẹni tó bá tètè dé á bá òkè tó tutù bí ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá pẹ́ á bá igi lásán. Nítorí náà ni ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹnì kan tí wọ́n máa ń bi, ẹnu ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ìyá Corinne ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó kú ni Corinne gbà á, pẹ̀lú ilé àlejò oníyàrá méje tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ jogún. Kò sẹ́ni tó tíì dé Harlow Gap rí kó wá sọ pé Corinne parọ́ fún òun.

Stan pè lọ́sẹ̀ kejì lóòótọ́. Nígbà tí ewé wọ́ tán, ó tún pè. Nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, ó tún pè.

"Ewé wo lẹ tún ń bèèrè nínú yìnyín, Ọ̀gbẹ́ni Kowalik?"

"Tọdún tó ń bọ̀ ni mà. Mo fẹ́ tètè wà lórí ìlà ni."

Corinne rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, "mà" di Corinne, Ọ̀gbẹ́ni Kowalik sì di Stan. Corinne mọ bí Stan ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ ohun tó ń dùn ún. Ó mọ̀ pé ìyá Stan ní àrùn rọpárọsẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè tọ́jú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Stan fi ń rán ẹlòmíràn tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, tí òun fúnra rẹ̀ kò wá rí. Gbogbo nǹkan ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹyọ ohun kan tó yẹ kí wọ́n sọ ni kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n wá ń ṣe bí ọmọ ilé ìwé.

Ní ọdún kẹfà, ìyá Stan kú nígbà ìrúwé. Ó ṣọ̀fọ̀, Corinne sì bá a ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Stan pè.

"Èmi fúnra mi ni mò ń bọ̀ lọ́dún yìí. Ọjọ́ tí o bá ti ní ewé pọ́n, ọjọ́ kejì la ó gbéra. Ẹnu rẹ ni mò ń wò o, Corinne."

Corinne gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ṣe irun.

Kò tíì pẹ́ sígbà náà tí àbúrò rẹ̀ Dwight pè láti Arizona.

"Corinne, mo ti rí ẹni tó máa ra ilé yẹn."

"Ta ló ní kí o wá ẹni tó máa rà á?"

"Ìwọ kọ́ lo ní o gbà ká tà á lọ́dún tó kọjá? Ìwọ nìkan nínú yàrá méje, ò ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín. Tí o bá ṣubú, ta ló máa gbé ẹ? Yàrá ẹ ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó mi ti kùn ún ní àwọ̀ tó o fẹ́ràn."

Inú rere ni Dwight fi ń sọ ọ́, òun gan-an ló sì mú kó ṣòro láti kọ̀. Kí ni Corinne fẹ́ sọ? Pé ohùn kan lórí fóònù lòun ń dúró dè? Ó gbà. Wọ́n fi ọjọ́ tó máa kó lọ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá.

Lọ́dún yẹn gan-an ni ooru wá kọ̀ tí kò lọ. Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, òkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Stan ń pè láràárọ̀, Corinne ń dáhùn pé, "Kò tíì o." Àpótí rẹ̀ ti ń pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Stan tún béèrè, "Ṣé ó ti pọ́n?"

Corinne wo òkè. Ó wo àpótí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa lọ.

"Ó ti pọ́n," ló wí. "Ó pọ́n gan-an. Tètè máa bọ̀."

Bó ti gbé fóònù sílẹ̀ ló tún nawọ́ sí i pé kí òun pè é padà. Kò pè é.

Bọ́ọ̀sì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kúrú ju ohùn rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ sì tóbi. Corinne fẹ́ràn etí náà lójú ẹsẹ̀. Stan ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó la apá méjèèjì, ojú rẹ̀ wá kọjá èjìká obìnrin náà lọ sórí òkè. Ẹ̀rín náà kú.

"Corinne," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ewé dà?"

Àwọn àgbàlagbà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ibí náà nìyí?"

"Irú eléyìí wà lẹ́yìnkùlé mi ní Toledo. Ọ̀fẹ́ ni mo máa ń wò ó!"

"Howard, rọra. Bóyá ẹ̀yìn òkè ló wà."

Obìnrin arúgbó kan, Màmá Osterhaus, di apá Stan mú. Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó máà ríran mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

"Stanley, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ojú mi ni? Àwọ̀ ewé tútù nìkan ni mò ń rí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Corinne lọ́kàn. Stan fà á wọ ilé ìdáná.

"Sọ pé àṣìṣe ni," ó wí. "Mo máa gbà."

"Kì í ṣe àṣìṣe. Mo parọ́."

"Kí ló dé? Ogójì èèyàn, Corinne! Orí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo dúró lé tí mo fi kó wọn wá."

Corinne mú aṣọ ìnuwọ́, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́. Stan yí padà. "A máa lọ láàárọ̀ ọ̀la," ló wí, ó jáde, ó ní kí gbogbo wọn padà sínú ọkọ̀ kí wọ́n lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa sùn sí nílùú kejì.

Corinne bọ́ épírọ̀nì rẹ̀. Ó gun bọ́ọ̀sì náà, ó bọ́ síwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ awakọ̀ kí ìyẹn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ewé ò pọ́n, mo sì mọ̀ pé kò pọ́n. Wọ́n ti ta ilé yìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa wà ní Arizona. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin yìí ti ń bi mí nípa ewé, n ò sì rí ojú ẹ̀ rí títí dòní. Mo mọ̀ pé kí ewé tó pọ́n, n ò ní sí níbí mọ́. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọkùnrin pé kó wá. Ewé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ foríjì mí."

Àwọn àgbàlagbà yí ojú sí Stan.

"Ọdún mẹ́fà!" Howard ló kọ́kọ́ lanu. "Stan, kí lò ń ṣe fún ọdún mẹ́fà? Ní tèmi, kó tó pé ọdún mẹ́fà, mo ti fẹ́ ìyàwó mi, mo ti bí ọmọ méjì!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá Osterhaus nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn dáa fún ẹ̀yin méjèèjì," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi, ewé ni mo bá wá."

"Mo mọ̀, mà," Corinne dá a lóhùn. "Ẹ má dìde."

Ó júwe ọ̀nà fún awakọ̀, wọ́n gba ọ̀nà eléruku lọ sẹ́yìn ilé ìlagi àtijọ́, níbi tí àwọn igi mépù ti dúró nínú àbàtà. Àlejò kì í débẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n igi tó bá rì sínú omi báyẹn kì í bá àwọn tó kù dúró de òtútù; ewé rẹ̀ máa ń tètè pọ́n. Nígbà tí bọ́ọ̀sì yà, pupa ló kún ojú wọn, nínú omi àti lókè omi.

Corinne fúnra rẹ̀ ló di Màmá Osterhaus mú rìn nínú ẹrẹ̀. Ó já ewé kan fún un. Màmá gbé e sún mọ́ ojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀.

"Ó pupa," ó wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó pupa o. Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Má dán irú ẹ̀ wò mọ́."

Stan wá dúró ti Corinne lẹ́yìn ìyẹn. Bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀.

"Ká ní o sọ pé 'wá' ni," ó wí, "ǹ bá fẹsẹ̀ rìn wá."

"Ìwọ náà ò sọ pé ò ń bọ̀ nítorí mi."

"Mo rò pé mo ti sọ ọ́. Ta ló ń bèèrè ewé nínú yìnyín?"

Nígbà tí wọ́n padà délé, fóònù ń dún. Corinne ń po kọfí, Stan ló gbé e.

"Ta nìyẹn?" Dwight béèrè.

"Stan ni. Ẹni tó máa ń bèèrè ewé."

"Háà! Ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ gbólóhùn méjì kó má dárúkọ yín. Kò kàn sọ fún mi pé ẹ ṣe pàtàkì ni."

"Kò sọ fún èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹni tó ra ilé, kó fún wa láàyè díẹ̀."

"Màá bá a sọ̀rọ̀," Dwight wí. "Ìyàwó mi máa bínú nítorí yàrá yẹn. Ẹ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì kó àwọn àgbàlagbà yà láti òtẹ́ẹ̀lì wá dágbére. Howard ń pariwo ìmọ̀ràn lójú fèrèsé, kò sì sí èyí tó ṣeé tún sọ nínú wọn. Bọ́ọ̀sì gbéra. Báàgì Stan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, Stan náà sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Stan, ọkọ̀ ti lọ."

"Mo rí i." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "O sọ fún mi pé ewé ti pọ́n. O ò parọ́ fún mi rí. Màá jókòó síbí títí ohun tó o sọ á fi di òótọ́."

"Tó bá wá pọ́n tán ńkọ́?"

"Mo ní ìbéèrè mìíràn tí mo máa bi ẹ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe ti ewé."

Corinne fa àga, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ọkùnrin náà.

"Bi mí nísinsìnyí, olólùfẹ́ mi," ó wí. "N ò dúró de ewé mọ́."

Stan bi í. Òkè wà níwájú wọn, ó tutù bí ẹ̀fọ́, kò sì sẹ́ni tó wò ó nínú wọn.